Ọkọ Ràbíátù Tó Ń Mu Bẹntiróòlù

Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ yìí nírọ́, kó kọ́kọ́ lọ sí Àrẹ̀mọ. Kó dúró lẹ́yìn ilé ìdáná agboolé náà lọ́sàn-án gangan, kó sì fetí sílẹ̀. Bó bá délé tí kò bu omi mu kó tó lè sọ̀rọ̀, kó wá bú mi.

Òru kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ní òru nìkan ni nǹkan abàmì ń rìn, wọn ò tíì gbé Ìbàdàn nígbà ooru. Ọ̀sán ni. Ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji èèyàn bá sá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi.

Inú ooru ni oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí lọ́dún náà. Páànù àwọn ilé Àrẹ̀mọ tó ti dípẹtà láti ayébáyé ń ké kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, bí ẹni ń fọ́ eegun jẹ. Alángbá ò lè dúró lórí ògiri mọ́. Òkè Mápó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń mì nínú ooru bí ohun tí wọ́n gbé ka iná. Ìgbà náà gan-an ni iná mànàmáná wá bá tiẹ̀ lọ.

Rédíò ní ooru ló fà á. Ó ní àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń pèsè iná, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí bíi tèèyàn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná jù, èémí wọn á fúyẹ́, agbára wọn á sì dínkù. Ó ní omi tó ń yí àwọn tó wà lójú odò ti fà. Ó ní wáyà pàápàá ń gbóná, ó ń da iná nù lójú ọ̀nà bí ẹni gbé omi sínú ajẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló wá ní ká máa ṣe sùúrù. Ẹ gbọ́ mi, ta ni kò ṣe sùúrù? Sùúrù la fi ń se ọbẹ̀ nílùú yìí látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa.

Ṣùgbọ́n Ràbíátù ò lè ṣe sùúrù. Ẹ̀jẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìyàwó Gàfárù aránṣọ ni Ràbíátù, omi tútù àti sóbò ló ń tà nísàlẹ̀ Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Ọlámilékan. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, ibà gbé e dé bèbè ikú. Lọ́jọ́ tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, Ràbíátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè. Ó ní, “Ọlọ́run, bí ọmọ yìí bá là á já, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, kò sí aláàwẹ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí wa tí yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣínu.”

Ká ní ibẹ̀ ló dákẹ́ ni. Ẹnu ìyá tí ẹ̀rù ń bà kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ó tún fi kún un pé, “Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan péré, kí o gba ohun tí o fún mi.”

Ọmọ là á já. Ó dàgbà, ó di tíṣà ní Ṣakí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu ti jáde. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ àfi Àṣàbí, ìyá Gàfárù. Láti ìgbà náà, oṣù ààwẹ̀ kankan ò kọjá kí Ràbíátù má gbé kúlà omi àti yìnyín lọ sí mọ́ṣáláṣí nírọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ń súre fún un. Wọn ò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń sáré gbé e.

Ohun tó wá kù tó lè mú fírísà rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò ju ẹ̀rọ amúnáwá inú agboolé. Ògbólógbòó ni. Bàbá Gàfárù tó ti kú ló rà á, ó sì ti wà nílé kí wọ́n tó bu omi sí Ràbíátù lẹ́sẹ̀ wọlé ọkọ. Wọ́n kọ́ ilé páànù kékeré kan fún un lẹ́yìn ilé ìdáná. Ilé náà gbóná débi pé adìẹ kì í yé ẹyin síbẹ̀, àfi èyí tó bá fẹ́ bọ̀ ọ́ jẹ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ràbíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àyìlà tán ni. Fírísà ń kọrin nínú yàrá. Orin náà lọ sílẹ̀. Ó tún lọ sílẹ̀. Ràbíátù dìde lórí ẹní ìkírun, ó jáde lọ sílé páànù. Ẹ̀rọ náà ń wọ́ ohùn nílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn.

“Jẹ́nẹ́, kí ló ń ṣe ọ́?”

Ó tún wọ́ ohùn.

Ooru ti mú Ràbíátù, ebi ń pa á, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀, ó ta á nípàá. “Jẹ́nẹ́ ọ̀lẹ! Jẹ́nẹ́ aláìníláárí! O ò mọ̀ pé aráyé ń gbààwẹ̀ ni?”

Ẹ̀rọ náà wúkọ́.

Kì í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe ń wúkọ́. Ó wúkọ́ bí bàbá àgbàlagbà tí ọmọdé sọ̀sọkúsọ níwájú rẹ̀. Hun-hùn. Ó wá kú.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ẹyẹ ò ké. Ọmọ ò sunkún. Páànù tó ti ń ké látàárọ̀ pàápàá dákẹ́. Ràbíátù wo òjìji rẹ̀, kò rí i.

Ó fa okùn ẹ̀rọ títí apá fi ń ro ó. Kò jí. Ìgbà tí wọ́n kírun Alásárì tán, tí ọwọ́ oòrùn rọ̀ díẹ̀, ó kan fi ọwọ́ kan okùn náà ni. Ó jí. Yìnyín ọjọ́ náà kò dì tán; ó dà bí omi tó kàn gbọ́ ìròyìn yìnyín. Wọ́n ṣáà mu ún.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún kú lọ́sàn-án. Wọ́n pe Nojeem, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ògùnpa. Nojeem kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Òun ló mọ gbogbo nǹkan, ó sì ti tán. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó wo inú rẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó nù ún.

“Ìyá Lékan, kò sóhun tó ṣe é.”

“Kò sóhun tó ṣe é, kò sì ṣiṣẹ́?”

“Ooru ni. Ẹ̀rọ yìí náà ń mí. Ibi tẹ́ ẹ gbé e sí yìí, bí wọ́n bá ti èmi náà mọ́ ọn, màá kú.”

“A ò rà ọ́ pé kó o máa gbé fírísà. Tún un ṣe.”

Ó gbé e lọ sí Ògùnpa. Lábẹ́ ìbòòji tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń dún kíkankíkan. Nojeem gbé e padà wá, ó ń rín ẹ̀rín ẹni tó borí. Ọ̀sán ọjọ́ kejì tó délé, hun-hùn. Ó kú.

Wọ́n gbé e jáde kúrò nílé páànù. Wọ́n ta aṣọ lé e lórí, wọ́n rẹ àpò ìrẹsì sómi, wọ́n fi bò ó bí ẹni tí ibà ń dà láàmú. Ó kú lọ́sàn-án. Wọ́n tún gbé e padà sílé páànù nítorí olè.

Ní òdìkejì ọ̀nà, Muslimat ń wò wọ́n. Òun àti Ràbíátù jọ ń ta omi tútù ni, wọ́n jọ lọ ilé kéú, wọn ò sì fẹ́ràn ara wọn rí. Muslimat ti ra sólà. Pánẹ́ẹ̀lì dúdú ńlá méjì ló wà lórí òrùlé rẹ̀, ó ń dán bí eyín ẹni tó ń yọ̀ mọ́ni.

“Ìyá Lékan, mo gbọ́ pé jẹnẹrétọ̀ yín ń sun oorun ọ̀sán.”

“Gbọ́ tìẹ, Muslimat.”

“Kí n fún ẹ ní yìnyín? Tèmi pọ̀. Oòrùn ló ń fún mi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.”

Ràbíátù wo ojú ọ̀run. Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ó gbé kúlà, ó sọdá, ó gba yìnyín lọ́wọ́ Muslimat. Wọ́n mu omi tútù ní mọ́ṣáláṣí, Muslimat sì rí i dájú pé gbogbo ẹni tó mu ún ló mọ ibi tó ti wá. Ó sọ ọ́ fún lèmọ́mù. Ó tún sọ ọ́ fún bàbá kan tí etí rẹ̀ di, ó pariwo rẹ̀ sí i létí.

Ọlọ́run kì í sùn. Kò pẹ́ tí sólà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Ínfátà Muslimat tó ń gba iná lọ́wọ́ sólà ń ké pìn-ìn, pìn-ìn, láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n pe Nojeem. Ó gun òrùlé, ó fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì dúdú náà, ó yára fa ọwọ́ padà, ó sọ̀kalẹ̀ wá.

“Ó ti gbóná jù, Ìyá.”

“Ṣebí oòrùn ló ń jẹ?”

“Ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ, kì í jẹ ooru. Bí ooru bá ti pọ̀ báyìí, ńṣe ni oúnjẹ á wà níwájú ẹ̀, ọ̀fun ẹ̀ ò ní gbà á mì dáadáa. Bátìrì yín náà ti wú.”

Muslimat wo oòrùn tó wà lókè, ó wo Nojeem. “Oòrùn tó tó báyìí?”

“Òun gan-an ló pọ̀ jù.”

Ràbíátù wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń gbọ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rò ó wò. Bí ti Muslimat bá kú, níbo ni òun yóò ti gba yìnyín?

Ó lọ sí Ọjà'ba. Àwọn tó ń pe yìnyín níbẹ̀, omi ni wọ́n ń tà. Kí o tó gbé e dé Mápó, ó ti di omi ìwẹ̀. Nígbà tó délé, ó pe Ọlámilékan lórí fóònù.

“Lékan, ṣé dáadáa lo wà?”

“Dáadáa ni, Ìyá mi. Orí kàn ń fọ́ mi díẹ̀. Ooru ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ mélòó kan ni. Bó bá di ọwọ́ Alásárì, á lọ.”

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Ràbíátù.

Àṣàbí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ẹní, níbi tó máa ń wà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí èèrà bá sọ fún ara wọn. Ó ní, “Ìyàwó, wá jókòó.”

Ràbíátù jókòó.

“Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kú, kí lo pè é?”

“Pe kí ni, Ìyá?”

“Ẹni tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo gbọ́ ohùn rẹ. Jẹ́nẹ́ kí ni, Jẹ́nẹ́ kí ni.”

“Ìyá, irin mà ni.”

“N kò bi ọ́ bóyá irin ni. Nínú ìwọ àti òun, ta ló ṣáájú délé yìí?”

Ràbíátù wo ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó ní, “Òun ló ṣáájú.”

“Ẹni tó bá ṣáájú ìyàwó délé, kí ni ìyàwó ń pè é?”

Kò sí obìnrin Ìbàdàn tí kò mọ ìdáhùn yẹn. Bí wọ́n bá bí ọmọ kan nílé lánàá, tí ìyàwó wọlé lónìí, ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà. Kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Á wá orúkọ mìíràn fún un, Akọ̀wé tàbí Eyínfúnjowó, á sì kúnlẹ̀ kí i, ì báà jẹ́ ìdọ̀tí ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ràbíátù wọlé, àwọn ìyàwó ilé mú un káàkiri láti kí àwọn ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, gbogbo wọn kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní, “Ọkọ wa rèé o, Alóhùn-àrá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ràbíátù náà kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni.

Ó wá rántí pé wọn ò pe ẹ̀rọ náà ní orúkọ mìíràn rí, títí àwọn kan fi kú nínú wọn, tí àwọn yòókù sì kó lọ. Òun nìkan ló kù. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Jẹ́nẹ́ bíi ti àwọn ọmọ.

“Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ̀rọ mọ ẹni tó pè é lórúkọ ni?”

Àṣàbí yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí i. “Èmi ò mọ̀,” ó ní. “Èmi ò pè é rí.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà ti kú. Ràbíátù mú abẹ̀bẹ̀ kan dání. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo òdìkejì ọ̀nà bóyá Muslimat ń yọjú. Kò sí èèyàn níta. Ó wọ inú ilé páànù. Ooru gbá a lójú. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán o.”

Kò sí nǹkan kan.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn Àṣàbí wá. “Orúnkún kan! Ṣé abẹ́rẹ́ lò ń wá nílẹ̀ ni?”

Ràbíátù fi méjèèjì kanlẹ̀. Ilẹ̀ náà jó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ abẹ̀bẹ̀. “Ọkọ mi, Alóhùn-àrá. Ẹ má bínú. Ọmọdé ló ń ṣe mí. Oòrùn ló gba iyè mi. Ẹ dákun, ẹ jí.”

Ó ń retí. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbẹ kó tó dé ilẹ̀.

Hun-hùn.

Kò tíì fọwọ́ kan okùn. Ó tún wo okùn náà dáadáa. Ó wà níbi tó wà. Ó nawọ́ sí i, ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ náà jí bí ẹni tó ti múra sílẹ̀.

Nojeem gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ìyá Lékan, abẹ̀bẹ̀ yẹn ni! Atẹ́gùn ló gbà. Ẹ gbé fáànù sí i, ẹ sinmi ìkúnlẹ̀.”

Ràbíátù fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ tó o. Wọ́n gbé fáànù ìnàró kan wá, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ náà, pé kí Jẹ́nẹ́ gbé fáànù, kí fáànù sì máa fẹ́ Jẹ́nẹ́. Fáànù náà ń fẹ́ fùù. Ọ̀sán pé. Hun-hùn. Àwọn méjèèjì jọ kú. Ràbíátù kúnlẹ̀, ó kí i, ó mú abẹ̀bẹ̀ ọwọ́. Ó jí. Nojeem họ orí, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan sí ṣọ́ọ̀bù.

Gàfárù ni kò wá fara mọ́ ọn. Orí símẹ́ńtì ló máa ń dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án, láìwọ ẹ̀wù, bí ẹja tí wọ́n sá. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, tó ń gbọn eruku kúrò lórúnkún.

“Ràbíátù, ọdún wo lo kúnlẹ̀ kí èmi gbẹ̀yìn?”

“Ọdún wo lẹ fún mi níná gbẹ̀yìn, Bàbá Lékan?”

“Èmi ni mo fẹ́ ọ!”

“Àwọn ló ń bá mi gbé ẹrù mi. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Ta ni ‘wọ́n’?” Gàfárù dìde jókòó. “Ràbíátù, ta ni ‘wọ́n’?”

Ràbíátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde ni.

Báyìí ni yìnyín ṣe ń dì. Ọlámilékan ní orí kò fọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n Ràbíátù ò sùn dáadáa. Ó máa ń fi àpò ìrẹsì tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà láàárọ̀. Bó bá padà dé, á bá àpò náà lórí okùn aṣọ. Ẹnì kan ti fún un, ó ti sá a, ó ti tún etí rẹ̀ ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ ìnura àgbàlagbà. Ó bi Gàfárù. Ó bi Àṣàbí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò tún bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó wá ku ààwẹ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rí irú ooru bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ewúrẹ́ Àrẹ̀mọ wọ inú ilé lọ, wọ́n dùbúlẹ̀ sí pálọ̀ olówó àti tálákà, kò sí ẹni tó lágbára láti lé wọn. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń kú níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dún, wọ́n á dákẹ́. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ọ̀kan nílé aláṣọ. Nígbà tí Ràbíátù ń ti Ọjà'ba bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá omi títà tó lọ rà, kò gbọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní gbogbo ọ̀nà. Àfi ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó délé lọ́sàn-án gangan. Àṣàbí ń sùn. Gàfárù ń sùn. Ràbíátù lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó wọlé páànù. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn fún ojú tó ti oòrùn wá. Kò rí ju òjìji ẹ̀rọ lọ. Ó kúnlẹ̀.

“Ọkọ mi, Alóhùn-àrá. Ó ku tòní. Ẹ má dójú tì mí. Ẹ mọ ohun tí mo fẹnu ara mi sọ nípa ọmọ mi. Ẹ wà nílé lọ́jọ́ náà.”

Ó na ọwọ́ sí okùn. Okùn ò tíì tó o lọ́wọ́ tí ẹ̀rọ náà fi jí.

Ohùn rẹ̀ kò le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó rọra ń dún, ó dùn, bí ẹni tó ń kùn orin sínú. Ràbíátù fọwọ́ kàn án lára láti mọ bó ṣe gbóná tó. Ó tutù. Ó tutù bí ìdí àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Ràbíátù fa ọwọ́ padà, ó fẹ̀yìn rìn jáde, ó ń kúnlẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Yìnyín ọjọ́ náà dì kí wọ́n tó kírun Alásárì. Ó funfun báláú, ó ń yọ èéfín. Nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn kún mọ́ṣáláṣí títí dé ojú ọ̀nà, nítorí kò sí omi tútù níbòmíràn. Ládàánì pèrun Mọ̀gáríbì. Wọ́n mu. À ń gbọ́ ìró ọ̀fun bí ìró odò. Muslimat na ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀, ó mu ún, ó pa ojú dé.

“Ìyá Lékan,” ó ní, “báwo lo ṣe ń ṣe é gan-an?”

“Mo máa ń kí wọn.”

Muslimat rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó pòṣé.

Fóònù dún. Ọlámilékan ni. “Ìyá mi, ẹ kú ìṣínu. Ara mi yá gágá.” Ràbíátù jókòó sórí kúlà tó ṣófo, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó gbé kúlà, ó ń lọ sílé.

Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Nojeem. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, eruku Ògùnpa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ìyá Lékan, ẹ dákun, ẹ forí jì mí! Ẹ̀bi mi ni! Ooru ti ba táyà ọkọ̀ ńlá kan jẹ́, ó dábùú ọ̀nà, a ò rí ibi gbà. Mo mọ̀ pé ẹ ò rí jẹ́nẹ́ tàn lónìí.”

“Kí lò ń sọ?”

“Lẹ́yìn tẹ́ ẹ jáde láàárọ̀ ni mo wá. Mo ní kí n bá yín pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ kí ọ̀sán tó dé. Mo ṣí i, mo mú un lọ kí n lè ra irú ẹ̀. Bàbá Lékan rí mi. Ó wà lọ́wọ́ mi látàárọ̀.”

Ó la àtẹ́lẹwọ́. Púlọ́ọ̀gì náà wà níbẹ̀, dúdú, kékeré. Òun ni nǹkan tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ̀rọ. Bí kò bá sí i, ẹ̀rọ ò yàtọ̀ sí àpótí.

Nojeem ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ dúró ní ṣíṣí.

Lẹ́yìn ilé ìdáná, ohùn náà ń lọ. Jẹ́jẹ́. Ó ń kùn.

Wọ́n rìn lọ síbẹ̀. Nojeem tan iná fóònù rẹ̀, ó sì nà án síwájú. Ojú ihò tí púlọ́ọ̀gì ń gbé ṣófo. Wáyà rẹ̀ so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kan nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Atẹ́gùn tútù sì ń ti inú ihò náà jáde. Ó ń jáde, ó ń wọlé.

“Lá ìlàhà,” Nojeem ní.

Àṣàbí ti wà lẹ́yìn wọn. Wọn ò gbọ́ ìgbà tó dé. “Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre. Ta ló ń tanná wo ọkọ ọlọ́kọ?”

Nojeem na púlọ́ọ̀gì náà síwájú. “Ìyá Lékan, ṣé... ṣé kí n dá a padà sí i?”

“Ṣé wọ́n ní kó o dá a padà ni?”

Hun-hùn.

Nojeem sáré. Bàtà rẹ̀ kan kù síbẹ̀, kò padà wá mú un títí di òní. Wọ́n ní púlọ́ọ̀gì náà wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ògùnpa, ó fi òwú so ó kọ́ sára ògiri, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ nípa ooru mọ́.

Òjò ti rọ̀ láti ìgbà náà. Àwọn oníná ti mú iná dé, wọ́n ti mú un lọ, wọ́n tún ti mú un dé. Ràbíátù kì í fa okùn kankan mọ́. Kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wá wo ohun tó wà nílé páànù.

Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti padà, tí iná sì lọ, tí òjìji bá sá sábẹ́ ẹsẹ̀, tí páànù dákẹ́, ẹnì kan á wúkọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Gàfárù á yí ojú sí ògiri lórí símẹ́ńtì rẹ̀. Ràbíátù á dìde. Á wá gèlè rẹ̀, á wé e dáadáa. Kò sí ìyàwó gidi tó ń ṣí orí sílẹ̀ lọ kí ọkọ.